Ata Lẹ́nu Bàbá Wolé-wolé

Ẹ máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà: "Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu." Gbogbo wa la mọ ìgbà tí à ń pa á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró wò ó dáadáa. Ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ da ata sẹ́nu nítorí àtita ẹlòmíràn lójú? Ẹni tó bá fẹ́ ba ojú ẹni jẹ́, ṣé kò rí iyanrìn bù ni? Ata kò mọ ẹni tó ni ín. Ẹnu tó bá wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó. Èmi náà rò ó títí kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká ọmọ Ìdí-Òro. Bí ẹnìkan bá sì ní òwe yìí ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, n kò bá a jiyàn. Kí ó lọ mú ìtàn tirẹ̀ wá, kí ó jẹ́ kí n sọ tèmi.

Tísà ni Àyọ̀ká ní ilé ìwé kékeré tó wà ní Ìdí-Òro. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni; baba rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé. Lọ́jọ́ kan, gìrì gbé ọmọbìnrin kékeré kan nínú kíláàsì rẹ̀. Àyọ̀ká gbé e lé ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n ti ẹsẹ̀ ọmọ náà bọ iná, àwọn kan ní kí wọ́n fi ṣíbí la eyín rẹ̀ kí wọ́n da àgbo sí i lẹ́nu. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, Àyọ̀ká pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Máìlì mọ́kànlá ni ibi tí wọ́n ti lè rí òògùn gidi, ọmọ náà sì kú lẹ́sẹ̀ Àyọ̀ká kí kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn tó dé ìdajì ọ̀nà.

Inú bí Àyọ̀ká ju bí ó ti sunkún lọ. "Mo mọ ìṣirò, mo mọ jọ́gíráfì," ni ó wí fún ìyá rẹ̀, "ọmọ kú lé mi lẹ́sẹ̀, mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà." Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun yóò kọ́.

Lọ́dún yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn gbé ètò tuntun jáde. Nọ́ọ̀sì kò tó. Wọ́n ní kí àwọn tó ti ṣe tísà wá kọ́ iṣẹ́ náà ní wàràwàrà: ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta tí wọ́n fún pọ̀ sí oṣù méjìdínlógún, kò sí ìsinmi Kérésì, kò sí ti Àjíǹde. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún agbègbè Ìdí-Òro. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Àyọ̀ká ló ṣe ipò kìíní. Wúràọlá, ọmọ àbúrò baba rẹ̀, tí òun náà jẹ́ tísà, ló ṣe ìkejì. Ìwé tí wọ́n kọ sí wọn ní kí àwọn méjèèjì wá: bí ẹni kìíní bá kùnà nínú àyẹ̀wò ojú, kí ẹnìkejì bọ́ sí àyè rẹ̀.

Baba Wúràọlá yìí ni wọ́n ń pè ní Bàbá Wolé-wolé. Ó ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé fún ọdún mọ́kàndínlógún kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìkòkò omi tí kò tíì bojú wò ní Ìdí-Òro láti wá tanwíjí. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn nínú ẹbí wọn. Nígbà tí baba Àyọ̀ká kú, òun ló dìde láàrin mọ̀lẹ́bí tó ní, "Ọmọ mi ni Àyọ̀ká láti òní lọ." Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ, Àyọ̀ká sì gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Oṣù méjì ni wọ́n fi múra. Ilé ìwòsàn ti ka ohun tí ó gbọ́dọ̀ mú dání: aṣọ funfun méjì, bàtà kánfáàsì funfun, garawa, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti aago tí wọ́n ń fi há àyà, èyí tó ní ọwọ́ tíńtín tó ń sáré yípo. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ funfun náà. Láràárọ̀, kí Àyọ̀ká tó lọ sílé ìwé, yóò di ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, yóò máa ka bí iṣan ṣe ń lù, ojú rẹ̀ yóò sì wà lára aago.

"Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ ó jẹ́ kí n ṣì í kà. Mo ti ka mẹ́rìnlélógójì."

"Máa kà á lọ," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Bó bá ti dúró, kó o tètè sọ fún mi."

Ti ojú ńkọ́? Bàbá Wolé-wolé ló gba ìyẹn ṣe. Ó gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ara ògiri, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì máa fi ọwọ́ bo ojú kan kí wọ́n sì fi èkejì kà. Wúràọlá kà á, ó ṣì í níbì kan. Àyọ̀ká kà á dé orúkọ ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà náà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Ojú àwòdì!" ni Bàbá Wolé-wolé wí. "Kò sí ohun tó lè dá ọ padà ní Ìbàdàn, àfi bí ojú bá ń dùn ọ́ lọ́jọ́ náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká bá a rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá Àyọ̀ká kò jẹ́ kí ó lè bá wọn lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀, ó ní, "Bàbá Wúràọlá, ẹ̀yin lẹ ó ṣe baba fún un níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ó ṣe ìyá."

"Fọkàn balẹ̀," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣé ara mi kọ́ ni?"

Wọ́n sùn sílé ojúlùmọ̀ kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbà ọyẹ́ ni, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn bírìkìlà sì ń jọ iyanrìn lẹ́bàá géètì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ wọlé ni nǹkan kó sí Àyọ̀ká lójú ọ̀tún.

"Bàbá, nǹkan kó sí mi lójú!"

"Má fi ọwọ́ rà á! Dúró, jẹ́ kí n bá ọ fẹ́ ẹ."

Ó kọ ẹ̀yìn sí Àyọ̀ká, ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Àyọ̀ká ti gbé ojú sókè ní tirẹ̀, ó ti fi ìka méjì la ìpéǹpéjú, ó ń retí. Bàbá Wolé-wolé yíjú padà, ó di orí rẹ̀ mú, ó fẹ́ ojú náà lẹ́ẹ̀mejì, fùú, fùú. Àyọ̀ká figbe ta. Iyanrìn kì í ta báyẹn. Òórùn ataare gba imú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń jó kì í ráyè ro òórùn.

"Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti jáde," ni bàbá náà ń wí. "Ẹ jẹ́ ká yára, wọn ò ní dúró dè wá."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò. Páálí tí wọ́n kọ lẹ́tà sí wà lára ògiri, ìlà kọ̀ọ̀kan kéré ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Àwọn aboyún tó ń dúró de dókítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì, wọ́n ń wòran. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Sístà Adégoróyè, ló ń pe orúkọ. Nígbà tó kan Àyọ̀ká, ojú ọ̀tún rẹ̀ ti wú bí àkàrà, ti òsì sì ń bá a sunkún. Kò lè ka ìlà kejì.

"Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Nǹkan kó sí i lẹ́nu géètì, Sístà."

"Ọ̀sán òní ni mo máa kó orúkọ lọ sí ọ́fíìsì," ni Sístà wí. "Ojú tí kò ríran, mi ò lè fi àyè sílẹ̀ dè é."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Àyọ̀ká kúrò níwájú páálí, ó lọ jókòó. Oṣù méjì ìmúra, aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Ṣé atẹ́gùn ni, àbí bírìkìlà?

"Wúràọlá Àkàngbé!"

Bàbá Wolé-wolé tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká. Wúràọlá bọ́ sójú ìlà, ó fi ọwọ́ bo ojú kan. Lẹ́yìn náà ló sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò kà á."

"Kà á!" ni baba rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn.

Wúràọlá kì í gbé ohùn sókè sí baba rẹ̀. Ó yíjú sí i, ó kúnlẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sẹ́nu kí ẹ tó fẹ́ ojú Àǹtí Àyọ̀ká?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Mo rí yín. Àǹtí ti ké pé nǹkan kó sí àwọn lójú kí ẹ tó bó ataare. Ẹ dà á sẹ́nu, ẹ rún un, ẹ wá fẹ́ ojú wọn."

"Àdúrà ni mo fẹ́ gbà fún yín! Ẹ̀yin ọmọ ìwé òde òní, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ataare làwọn àgbà ń jẹ kí àdúrà wọn tó mú ni?"

Òótọ́ ni, àwọn àgbà a máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó súre. Ìkà èèyàn kì í wá ibi jìnnà tó bá fẹ́ sápamọ́. Inú ohun tó dára ló ń wọ̀ sí.

"Àdúrà wo, Bàbá?" ni Wúràọlá bi í. "Ta ló gbọ́ ọ? Ta ló ṣe àmín?"

Bàbá Wolé-wolé yíjú sí Sístà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, Nọ́ọ̀sì. A ó parí rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí èyí kékeré kàwé tirẹ̀, ọjọ́ ń lọ."

Ìgbà náà ni ìbínú Àyọ̀ká rí ẹni tó ni ín. Ó dìde, ojú kan dì, èkejì ń ṣomi. Kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ká ní ọ̀tá ló ní òun fẹ́ fẹ́ mi lójú ni, mi ò bá ti sá. Mo gbé ojú sókè fún yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi là á. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu!"

Aboyún kan pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì. "Háà! Ó jẹ́ kí ẹnu tirẹ̀ jó ná, kí ojú ọmọ ọlọ́mọ lè jó! Ayé mà le o!"

Sístà Adégoróyè gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí Bàbá Wolé-wolé lọ dúró lẹ́nu géètì, ohùn tó fi sọ ọ́ kò sì fàyè sílẹ̀ fún àlàyé. Ó wá yíjú sí Àyọ̀ká. "Aago méjì ni mo ń kó ìwé lọ. Bó o bá lè ka ìlà karùn-ún kó tó lù, o wọlé. Bó ò bá lè kà á, mi ò ní purọ́ fún ọ, wàá padà sílé. Ẹni tí kò rí ìlà ara abẹ́rẹ́ kò lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́."

"Ẹ má pe orúkọ mi mọ́, Sístà," ni Wúràọlá wí. "Bí Àǹtí ò bá lè kà á, kí ẹ fún ará ibòmíràn."

Omi iyọ̀ tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kí ó tutù ni wọ́n fi fọ ojú náà. Wúràọlá ń bu omi, Àyọ̀ká ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, wọ́n ń dà á nù, wọ́n ń bu òmíràn. Agogo méjìlá lù, ojú náà kò tíì là. Agogo kan lù, ó là díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àyọ̀ká dìde, ó bo ojú òsì, ó fi ọ̀tún tó pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ ka ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìlà karùn-ún, omijé dí i lójú. Ó dúró títí ó fi dà sílẹ̀. Ó wá kà á tán. Sístà kọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn aboyún ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e dé ọjà, wọ́n gbé e délé ọkọ. Kó tó di pé oṣù parí, ó ti dé Ìdí-Òro ṣáájú ẹnikẹ́ni tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà ẹbí wí? Wọ́n ní Àyọ̀ká tú àṣírí ilé síta, pé ó bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lórí ìdúró láàrin àwọn àlejò. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó béèrè bóyá ojú ṣì ń ta ọmọ náà. Ó ń bí mi nínú dòní. A ó fi ata sí ọmọ lójú tán, a ó tún máa wọn bí ó ṣe yẹ kó ké!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ẹnu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí Bàbá Wolé-wolé ṣì wà níbẹ̀, garawa àti àpótí Àyọ̀ká wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àyọ̀ká jáde wá kó ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ní kó má bínú. Ó húkọ́, ó tún fìlà ṣe, ó ní, "Ọlọ́run ti ṣe é. Kúnlẹ̀ kí n súre fún ọ kí n tó máa lọ."

Àyọ̀ká kúnlẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀ pinpin.

"Ẹ máa súre, Bàbá," ni ó wí. "Mò ń gbọ́."

Bàbá Wolé-wolé yí padà láìsúre, ó gba ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ẹni tirẹ̀ dà, ẹ má bi í mọ́ ìdí tí èèyàn yóò fi mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ata. Ọ̀tá kò lè sún mọ́ ojú wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.