Píìnì Fadérera

Píìnì kan ni Fadérera gbẹ́kẹ̀ lé nínú oyún rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé bí aboyún bá rìn lọ́sàn-án gangan láìgún píìnì mọ́ aṣọ, ànjọ̀nú á pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú un, píìnì sì ti sọnù. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa lọ sílé ìgbẹ̀bí, àmọ́ Fadérera ń gbọn ẹní, ó ń tú àpótí aṣọ.

"Ẹ dákun Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí i ná."

"Ìyàwó, ṣé inú yàrá yìí lo fẹ́ bímọ sí ni? Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní ń bá a lé eṣinṣin. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yìí kí ìwọ tó mọ̀ pé o lóyún, ṣé píìnì ló ń dúró dè kó tó lè ṣọ́ ọ?"

Fadérera rẹ́rìn-ín nínú ìrora, ó di ìyá mú, wọ́n sì bọ́ sínú oòrùn.

Ó bí ọmọbìnrin làǹtìlanti. Ìgbà tí wọ́n padà délé ni wọ́n rí píìnì nídìí ìkòkò omi. Fadérera nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìyá ti mú un, ó sì fi so ìlédìí ọmọ pọ̀.

"Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyí," ni ìyá wí.