Ọ̀dùnkún Tí Awó Kò Dá Lu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń bọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò yà sílé ẹnìkan, àfi ilé ìdáná Awó, ẹyẹ oníìyẹ́ dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ já mi nírọ́, ẹ fara balẹ̀. Nígbà náà, Awó dúdú kirikiri, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mọ̀lẹ́bí Àparò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ Àdùnpé, ọmọ Awó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá tọrọ ọmọ náà tí oúnjẹ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Awó ní tọ̀tẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ó fọ ọ̀dùnkún mẹ́fà, ó fi àgógó rẹ̀ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lu níbi mẹ́rin, torí pé lódidi, tèèpotèèpo, ni yóò sè wọ́n nínú máíkírówéèfù, àpótí tó ń se oúnjẹ láìsí igi, láìsí èéfín.

Ìjàpá, aládùúgbò rẹ̀, yọjú. Ìgbà wo ni kì í yọjú?

"Ìyá Àdùnpé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta lẹ fẹ́ gbé àjẹkù yìí fún?"

Awó ò tilẹ̀ wò ó. "Àjẹkù báwo?"

"Ojú àgógó yín ló wà lára rẹ̀ yẹn. Àna yóò ní ẹ ti kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ta ní í gbé àjẹkù fún àna?"

"Ìjàpá, bí n kò bá dá a lu, ooru inú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde. Yóò bẹ́."

"Ó dáa. Ọmọ yín ni, kì í ṣe tèmi."

Ẹ ò rí i bí? Ọ̀rọ̀ náà wọ Awó lára. Inú bí i, ọ̀rọ̀ Ìjàpá sì sú u, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àna bà á. Ó kó ọ̀dùnkún mẹ́fà mìíràn jáde, kò fẹnu kàn wọ́n.

Ìjàpá ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó àjẹkù yẹn kúrò nílẹ̀." Ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn. "Igi sì ti tán nílé wa. Ẹ jẹ́ kí n kì í mọ́ tiyín."

Awó mí kanlẹ̀, ó ní kó kó o síbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, àpótí ń kùn. Ni Awó bá ń fìbínú kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Mo fẹ́ dá a lu, ó ní n má dá a lu,
— Tòǹkolo.
Odidi ń wú, èèpo ń fà,
— Tòǹkolo.
Bó bá bẹ́, ta ni yóò nù ún?
— Tòǹkolo.

"Ìjàpá, má ṣí i o."

"Tèmi nìkan ni mo fẹ́ mú."

Ó ṣí i. Ó fi ìka tẹ ọ̀kan wò bóyá ó ti rọ̀, èyí tí wọn ò dá lu ló sì tẹ̀. Gbàù! Àwọn márùn-ún yòókù dá a lóhùn. Ìjàpá fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀dùnkún gbígbóná bá a wọlé. Èyí tó kù ta sí ògiri, ó ta sí àjà, ó ta bo Awó láti ọrùn dé ìrù, tó-tò-tó. Bó ti ń nù ún ló túbọ̀ ń lẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ onílé o." Àna dé.

Àwọn mẹ́fà tó dá lu nìkan ló kù, wọ́n jinná, wọ́n rọ̀. Awó kó wọn sáwo.

"Tèmi nìyẹn," Ìjàpá sọ láti inú igbá.

"Dákẹ́ síbẹ̀."

Bàbá Àparò mú ọ̀kan, ó wo ihò ara rẹ̀. "Ta ló dá a lu?"

Awó ò fi bò. "Èmi ni, Bàbá. Àgógó mi ni mo fi dá a lu, kó má baà bẹ́."

Bàbá Àparò wo ògiri, ó wo àjà, ó wo ìyẹ́ Awó. Ó ní, "Ìyàwó mi kì í dá a lu. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tá a ti ń ha àjà ilé wa. Ẹ fún wa lọ́mọ yín, kó wá máa bá wa dá a lu."

Bí wọ́n ṣe gba Àdùnpé nìyẹn, Ìjàpá sì gbé ebi lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún ara Awó kò ṣí mọ́. Òun lẹ ń rí tó funfun tó-tò-tó lára rẹ̀ títí dòní. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń pariwo láàárọ̀, ẹ má bi í pé kí ló dé. Yóò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín mi má lè gé iṣu àárọ̀ ọ̀la.