Fáìlì Kan Lórí Gbogbo Kọ̀ǹpútà

Alàájì Bàdírù, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, rẹ́ Fẹ́yíṣayọ̀, òṣìṣẹ́ rẹ̀, jẹ: Alàájì fúnra rẹ̀ ló tọwọ́ bọ fáìlì ètò ìtẹ̀wé tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí kàlẹ́ńdà oníbàárà fi jáde wọ́gọwọ̀gọ, síbẹ̀ ọmọbìnrin náà ló dá lẹ́bi lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní, “Kí n tó ti Jímọ̀ dé, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ìtẹ̀wé yìí gbọ́dọ̀ ní fáìlì yẹn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí, bó bá di méjì, gba ilé bàbá ẹ lọ!” Fẹ́yíṣayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, sà.” Ó kọ àwọn àṣẹ díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Nígbà tí Alàájì dé, ó ṣí kọ̀ǹpútà kan, ó rí fáìlì. Ó ṣí òmíràn, ó tún rí i. Ó kígbe, “Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!” Fẹ́yíṣayọ̀ ní, “Ẹ kọ orúkọ yín sínú èyí ná, sà.” Alàájì kọ ọ́, ó sì bá orúkọ náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún yẹ abẹ́ tábìlì wò. “Ta ló ń sáré ṣíwájú mi kọ ọ́?” “Kò sẹ́nìkan, sà. Ojú kan ni fáìlì wà. Atọ́ka tó júwe ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn àṣẹ mi fi sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì àtijọ́ tó wà lórí wọn tẹ́lẹ̀ sápá kan, ẹ wò wọ́n: bákan náà ni gbogbo wọn, àfi ti orí kọ̀ǹpútà yín.” Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí Alàájì. Ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ̀yin ará, èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́, tí mo dì í ru ọmọ ọlọ́mọ. Fẹ́yíṣayọ̀, jọ̀wọ́, má bínú sí mi.”