Òṣùká Àìná

Nígbà ogun Bọ́mà, orí ni Àìná, ṣọ́jà ará Ìgbájọ, fi ń ru àpótí ọta, òṣùká ewé lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gágun wọn, òyìnbó kan, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú! Ẹ̀yìn lọkùnrin fi ń ru ẹrù!"

Àìná a tún òṣùká rẹ̀ ṣe, a sì máa lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìbọn ba ọ̀gágun náà nítan. Odò tó wà láàárín wọn àti dókítà sì ti kún dé àyà. Ni Àìná àti ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá ká òṣùká, wọ́n gbé òyìnbó tòun ti ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí lérí, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá òkúta lábẹ́ omi. Ìkán omi kan kò ta sí i lára. Òkúta tí ọ̀mọ̀lé kọ̀, òun lỌlọ́run fi ṣe igun ilé!

Ní bèbè kejì, ọ̀gágun ṣí fìlà níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Àìná, ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi ni, ọ̀gá."

"Ẹnu mi ló ṣìṣe. Bá mi kí wọn."

Nígbà tí Àìná délé jíṣẹ́, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọkọ mi. Ó dáa, omi ti tán lámù o."

Àìná fi àmì-ẹ̀yẹ tó gbà lógun sáyà, ó ká òṣùká lérí, ó gba àárín ìlú lọ sódò.