Gíwá tó ń fi kíkí tọ́jú òṣìṣẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí àwọn àgbà náà má sùn lọ. Àlọ́ mi kò balẹ̀ sórí ọlọ́gbọ́n kankan. Orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí, ahun tó ń jẹ ti ẹlòmíràn, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ tirẹ̀ wò.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ nínú igbó. Ìjàpá fi ẹnu dídùn gba oyè Gíwá, ó di olórí gbogbo olùkọ́ ibẹ̀. Ọba Erin kọ́ ahéré kan sábẹ́ igi ọ̀dán, ó ní kí àwọn olùkọ́ máa sinmi níbẹ̀ bó bá ti rẹ̀ wọ́n, ó sì ń fi oyin ránṣẹ́ sí wọn. Hẹ̀n. Ìjàpá tẹ́ ẹní tirẹ̀ síbẹ̀. Oyin náà, òun nìkan ló ń lá a.

Òwìwí ń kọ́ àwọn ẹranko tó ń jẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìjàpá á tún ní kó wá kọ́ àwọn tọ̀sán. Ojú Òwìwí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi kan bíi méjì. Ẹ̀rù bà á. Ó tọ Ìjàpá lọ nínú ahéré.

"Gíwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀. Ojú mi ń fọ́ lọ."

Ìjàpá nu oyin kúrò lẹ́nu. "Òwìwí, ẹ kú àìsùn o."

"Gíwá, mo ní ojú mi ń fọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ kú ìrọ́jú."

Ewúrẹ́, olùkọ́ mìíràn, náà wá, ìdúró ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìjàpá ní, "Ẹ kú ìdúró, ìyá olùkọ́." Gbogbo oògùn tó ní nìyẹn. Ẹ wo òmùgọ̀: ó rò pé ẹni tí a bá ti kí, a ti tọ́jú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Erin ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo àlàáfíà àwọn olùkọ́. Ìjàpá sáré kó wọn jọ síwájú ahéré.

"Bí ọba bá béèrè, ẹ ní inú yín ń dùn. Ẹni tó bá yán, kò ní kọ́ni níbí mọ́."

Ó wọlé lọ lá oyin tó kù, kí Erin má baà bá a níbẹ̀. Ó lá a títí ikùn rẹ̀ fi le bí òkúta. Bó ti ń jáde bọ̀, ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè, ó ń bá afẹ́fẹ́ jà.

"Ẹ gbé mi dìde kí ọba tó dé."

Àwọn olùkọ́ wo ara wọn. Òwìwí sún mọ́ ọn, ó tẹrí ba.

"Gíwá, ẹ kú ìṣubú."

"Òwìwí, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Mo gbọ́. Ẹ kú ìrọ́jú."

Ewúrẹ́ ní, "Ẹ kú ìdùbúlẹ̀, bàbá wa."

Ibẹ̀ ni Erin bá wọn. "Kí ló dé tí ẹ kò gbé ọ̀gá yín dìde?"

"Kábíyèsí," Òwìwí fèsì, "à ń tọ́jú rẹ̀ ni. Báyìí ló ṣe ń tọ́jú wa."

Erin yọjú sínú ahéré. Ó rí ẹní kan ṣoṣo, ó rí ìkòkò oyin tí wọ́n ti lá mọ́ tónítóní. Gbogbo rẹ̀ yé e. Ó gba oyè lọ́wọ́ Ìjàpá, ó dá ahéré padà fún àwọn tó ni ín. Òwìwí wọlé, ó sùn, ó sùn dalẹ́, ojú rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ìjàpá ń bẹ níta lórí ẹ̀yìn rẹ̀ títí Yánníbo fi wá yí i dìde. Gbogbo olùkọ́ tó ń wọlé lọ sùn ló ń yà kí i:

"Gíwá àná, ẹ kú ìsinmi o."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ dì í mú: olórí tó bá ń fi ẹnu lásán tọ́jú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ tó bá ṣubú, ẹnu lásán náà ni wọn yóò fi gbé e.