Òpó Tó Ń Kí Awakọ̀ Létí Afárá

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣe ohun tí kò tọ́: ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fẹnu kò lé lórí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Òun ni wọ́n ní kó ri òpó kan sétí afárá tóóró, òpó tí ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Bí ọkọ̀ bá wà lórí afárá, òpó á sọ fún èyí tó ń bọ̀ pé kó dúró, awakọ̀ rẹ̀ á sì gbọ́ ohùn náà nínú ọkọ̀.

Mo yin àwọn tó gbé ìlànà iṣẹ́ náà kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ àti àwọn tó ń ṣe òpó jọ jókòó, wọ́n sì jiyàn fún ọdún púpọ̀ kí ohùn wọn tó ṣọ̀kan. Wọ́n ní kí òpó kọ́kọ́ sọ ewu, kó sọ bó ṣe jìnnà tó, kó sì dákẹ́. Ohùn òpó kì í rìn jìnnà, ọkọ̀ tó ń sáré kì í sì í pẹ́ níbi tó ti lè gbọ́ ọ. Ìlànà yìí ló jẹ́ kí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lókè òkun gbọ́ òpó ìlú wa yé.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí sọ pé ọmọ tí a kọ́ kì í pàdé èèyàn kó má kí i. Ó mú kí òpó kọ́kọ́ máa wí pé: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa. Inú àwọn ará ìlú dùn. Àwọn awakọ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé òpó náà ì bá ṣe alága ìdúró níbi ìgbéyàwó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀bìnrin kan ń gbé obìnrin mẹ́rìnlá lọ sóko. Kí òpó tó kí i tán, ọkọ̀ mìíràn ti yọ sí i lórí afárá. Ó ya ọkọ̀ rẹ̀ sínú igbó. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kán.

Àwọn awakọ̀ fẹ́ wó òpó náà. Awakọ̀bìnrin yìí kò gbà. Ó ní kí wọ́n dí ọ̀nà lódìkejì afárá kí ọkọ̀ kankan má bàa gba ibẹ̀ wá, ó sì lọ bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ wá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣá máa gbọ́."

Ó sáré bó ṣe máa ń sáré. Òpó bẹ̀rẹ̀ ìkíni, afárá ń bọ̀. Òpó kò tíì sọ bóyá ọkọ̀ wà lórí afárá tí ọkùnrin náà ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí bíréèkì. Obìnrin náà ló dá ọkọ̀ dúró. Kò bú u. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkùnrin yìí yọ ìkíni kúrò.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, inú rere rẹ kò sọ pé kí o tún àdéhùn tó ń dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn ṣe bó ṣe wù ọ́. Pa á mọ́ bí wọ́n ṣe fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá sì ti ṣẹ̀, má ṣe sá pamọ́. Ọkùnrin yìí lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé àwọn awakọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú obìnrin tí apá rẹ̀ kán, ó sì wí fún gbogbo wọn pé:

"Wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ tó pé, mo ní kò tó. Ìkíni mi ló jẹ àkókò tí ẹ̀ bá fi tẹ bíréèkì. Èmi ni mo kán ìyá yìí lápá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."