Obìnrin Tó Jókòó sí Ojú Ọ̀nà Abà

Obìnrin kan wà tó kọ́lé sínú igbó lẹ́yìn ìlú, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pánù ló fi dí ojú fèrèsé tó fi kó wọlé, nítorí ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Àwọn ará abà tó wà nísàlẹ̀ odò ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí típà ò lè wọlé, orí ni wọ́n fi ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Omi kànga wọn ló ń mu. Bí ejò bá yọ, kó ṣáà ti pariwo, wọ́n ti dé, tàwọn tàdá!

Nígbà tó yá, igbó di àdúgbò. Àwọn onílé pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n yan alága. Wọ́n da ọ̀dà sójú títì. Iná dé, omi ẹ̀rọ dé, ilé ìwòsàn kékeré dé, wọ́n mọ odi yí àdúgbò ká, wọ́n fi géètì sí i, wọ́n tún gba ọdẹ tó ń wọṣọ bíi ti sójà. Inú obìnrin náà dùn. Ta ni ò fẹ́ ire?

Àfi bí ẹgbẹ́ ṣe ní kí wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ wá jó géètì tó kọjú sí abà pa, kó má lè ṣí mọ́. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn ará oko ń ba títì jẹ́, ewúrẹ́ wọn ń jẹ òdòdó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yẹn nìkan ni àwọn aboyún abà ń gbà dé ilé ìwòsàn. Obìnrin náà ní òun ò gbà. Wọ́n ṣáà ránṣẹ́ pe wẹ́dà.

Lọ́jọ́ tí wẹ́dà dé, ó gbé àga sáàárín géètì, ó jókòó, ó nasẹ̀.

Alága ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Oòrùn á pa yín."

"Oòrùn ibí? Kó o tó mọ̀nà ibí lèmi àti ẹ̀ ti dọ̀rẹ́. Wẹ́dà, ó yá, jó mi mọ́ ọn!"

Wẹ́dà ṣí awò ojú rẹ̀. "Alága, èmi ò lè jó ìyá oníyàá mọ́ irin o."

"Mama, òfin ẹgbẹ́ ni."

"Ẹni tí a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Òfin tó fẹ́ sọ mí dọlọ́ṣà, mi ò ní pa á mọ́. Mi ò dìde!"

Alága bá pe ọdẹ pé kó wá gbé e kúrò. Ibẹ̀ ni ìyàwó alága fúnra rẹ̀ ti yọ, àga ń bẹ lórí rẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, ó jókòó.

"Ìwọ náà kẹ̀?"

"Bàbá Fẹ́rànmí, ọjọ́ òjò tí mo rọbí, tí mọ́tò yín rì sínú ẹrẹ̀, ta ló gbẹ̀bí mi? Ṣé kì í ṣe ìyá láti abà ni? Ọ̀nà tó gbà wọlé rèé. Ó yá, ẹ gbé àwa méjèèjì."

Ọdẹ wojú alága, ó wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn ti ń gbé àga bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ni alága bá ní kí wẹ́dà máa lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí aboyún kan fi gba ibẹ̀ kọjá. Àgbàdo ló ń jẹ lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jà.

Ìwọ tó ò ń gbọ́ mi, o ti kúrò nínú ẹrẹ̀, mo bá ọ yọ̀, yóò tún kún sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó rù ọ́ débẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ní kí ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, má wulẹ̀ kùn lábẹ́lẹ̀ kó o wọlé lọ sùn. Dí wọn lọ́nà. Kí wọ́n pè ọ́ ní olórí kunkun. Jẹ́ ẹ, ọmọ mi, kó o sì máa rẹ́rìn-ín.